Bí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ Ṣe Pín sí Méjì

Ẹgbẹ́ òṣèlú tí a dá sílẹ̀ kí agbègbè kan lè máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan tí kò lè yẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ ohun tí ó ń wá: ṣé kí ó jókòó sílé ni, tàbí kí ó jáde? Ìbéèrè yìí ni ó fọ́ Action Group, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ.

Ní 1951 ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde; ní 1957 Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara rẹ̀. Ní òpin 1959 Awólọ́wọ̀ fi ipò Olórí Ìjọba sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ó lọ ṣe olórí alátakò ní Èkó, Olóyè S. L. Akíntọ́lá sì jókòó sí àga rẹ̀. Awólọ́wọ̀ fẹ́ kí ẹgbẹ́ wá ọmọlẹ́yìn dé Àríwá àti Ìlà-Oòrùn. Akíntọ́lá ní kí oníkálukú mójú tó agbègbè tirẹ̀, kí a sì bá ẹgbẹ́ NPC tí ó ń ṣe ìjọba ní Èkó rẹ́. Ní tèmi, àwọn méjèèjì ni wọ́n ní ìdí: ẹni tí ó ń pín owó ìjọba kò lè rí ayé bí ẹni tí ó wà lórí àga alátakò.

Ìpàdé ẹgbẹ́ ní Jos, ní oṣù kejì 1962, kò parí ìjà náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, àwọn aṣòfin 66, tí wọ́n ju ìdajì Ilé lọ, fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá mọ́. Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, yọ ọ́, ó sì fi Alhaji D. S. Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Ṣé ìwé nìkan tó láti yọ Olórí Ìjọba, àbí Ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìbò? Kí Ilé tó lè dáhùn ní ọjọ́ 25, àwọn aṣòfin ti ń ju àga lu ara wọn, àwọn ọlọ́pàá sì fi tajútajú tú wọn ká. Ní ọjọ́ 29, Ìjọba Àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì.

Akíntọ́lá padà sórí àga ní oṣù kìíní 1963, pẹ̀lú ẹgbẹ́ tuntun tirẹ̀, UPP, àti NCNC, ìyẹn Ẹgbẹ́ Alákùkọ tí ó ti ń bá a jà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù fún wa nígbà náà, dá Adégbénró láre. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin Ìbàdàn yí òfin ìpìlẹ̀ padà kíákíá, wọ́n sì mú kí ó ṣiṣẹ́ sẹ́yìn láti 1960. Adégbénró jàre, kò sì rí àga.

Ní 1964 Akíntọ́lá àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn Alákùkọ Ìwọ̀-Oòrùn dá Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ sílẹ̀. Àwọn Alákùkọ tí ó kù sì lọ bá Ọlọ́pẹ, ọ̀tá wọn àtijọ́, ṣe àjọṣe. Lẹ́yìn ìdìbò 1965, ilé ń jó láti ìlú dé ìlú. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1966 àwọn ológun pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn. Awólọ́wọ̀ wà ní ẹ̀wọ̀n nígbà náà. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ológun ti fòfin de Ọlọ́pẹ, Dẹ́mọ̀ àti Alákùkọ pọ̀.