Ilé Ìṣòwò Gbági àti Dùgbẹ̀: Owó Kòkó àti Ọgbọ́n Oòrùn

Bí a bá ti ní ká dárúkọ ilé ìṣòwò n'Ìbàdàn, Ilé Kòkó ni gbogbo ènìyàn máa ń nàka sí. Kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn ilé alájà kan tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò, torí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà.

Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn. Wọn kò gbé ibùdókọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Ọjàaba, ọjà àtijọ́ ìlú náà. Apá ìwọ̀-oòrùn ìlú ni wọ́n gbé e sí. Ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ ni owó ń tẹ̀ lé e lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìṣòwò bíi John Holt, CFAO, PZ, àti UAC lẹ́yìn 1929, kọ́lé sí Gbági àti Dùgbẹ̀ nítòsí ibùdókọ̀ náà, wọ́n ń ra kòkó, wọ́n ń ta aṣọ àti páànù. Àwọn kóràà, ìyẹn àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì, náà to ṣọ́ọ̀bù tiwọn sójú títì Lebanon.

Nínú àwọn ilé wọ̀nyí, ìsàlẹ̀ ni ọjà, òkè ni olówó ń sùn. Ògiri nípọn, àjà ga, fèrèsé kọjú síra kí afẹ́fẹ́ lè gba inú ilé já. Èyí tó wù mí jù ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tó yọ síta lórí òpó: abẹ́ rẹ̀ ni oníbàárà ti ń ná aṣọ láìbẹ̀rù oòrùn tàbí òjò. Olùtajà kò ná kọ́bọ̀ lórí iná mànàmáná kí ara tó tù ú.

Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew dé, àwọn tó ya àwòrán ilé Yunifásítì Ìbàdàn, ilé-iṣẹ́ wọn tún ya ti Báńkì Kóópù láàárín ìlú. Bulọ́ọ̀kù oníhò àti kọnkéré tó ń dí oòrùn ni àmì iṣẹ́ wọn. Àwọn kan ń pè é ní ohun tuntun. Lójú tèmi, iṣẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbé fún kọnkéré.

Ilé Kòkó wá ńkọ́? Ní 1965 ni wọ́n parí rẹ̀: àjà 26, gíga rẹ̀ tó mítà 105. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, orúkọ náà sì tọ́. Ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà náà kì í san iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Nínú ìyókù ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti rí owó ńláńlá. Àgbẹ̀ tí kò gun àtẹ̀gùn ilé náà rí ló sanwó rẹ̀. Iná jó o ní oṣù kìíní 1985, ó sì di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣí.

Ilé gíga kò lè ṣe kó má nílò ẹ̀rọ agbéniròkè àti ẹ̀rọ tó ń fa omi. Bí iná bá lọ, ọ̀gá tó wà lájà ogún ti há. Ṣọ́ọ̀bù Gbági á ṣílẹ̀kùn, ọjà á máa lọ.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onílé ti fi irin dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn láti rí ṣọ́ọ̀bù kan sí i yá, wọ́n sì ń ra jẹnẹrétọ̀ láti fẹ́ ooru tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sé mọ́lé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé tuntun sí Dùgbẹ̀, kó kọ́kọ́ bi ayàwòrán-ilé rẹ̀ pé: wákàtí mélòó ni a lè fi tajà níbẹ̀ láìsí iná?