ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́: ẸRÙ TÍ ỌKỌ̀ ẸGBẸ́ LÈ FÀ

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, tírélà kékeré tí a fi ń kó àga, kánópì àti jẹnẹrétọ̀ lọ sóde ló wá sí mi lọ́kàn. Kì í ṣe inú Kàdúná níbí nìkan la ti ń lò ó. Bí òbí ọmọ ẹgbẹ́ bá papòdà nílé, à ń fà á gba Àbújá àti Lọ́kọ́jà dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ènìyàn wa a sì wà nínú píkọ́ọ̀pù tó ń fà á.

Ohun tí a sábà máa ń bi dírẹ́bà ni pé, "Ṣé á fà á?" Ìbéèrè yẹn kò tó. Ẹ́ńjìnnì lè fa ohun tí bíréèkì kò ní lè dá dúró. Ohun tó yẹ ká máa bi í ni pé, "Ṣé á dúró?"

Nọ́ńbà mẹ́rin ló yẹ ká mọ̀ kí á tó so tírélà mọ́ ọkọ̀.

Èkíní ni ìwọ̀n tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá, pẹ̀lú èrò, epo àti ẹrù inú rẹ̀. Ó sábà máa ń wà lára àlẹ̀mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Èkejì ni àpapọ̀ ìwọ̀n ọkọ̀ àti tírélà. Inú ìwé ọkọ̀ la ti ń rí i.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n tẹ̀ sára ìkọ́ àti bọ́ọ̀lù irin rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá kéré ju ihò tó wọ̀ lọ, yóò dà bíi pé ó ti dè, àmọ́ gálọ́ọ̀pù kan ṣoṣo lè yọ ọ́. Ìkọ́ tí wẹ́dà bá sì fi irin àlòkù jó kò ní nọ́ńbà rárá. Kí la fẹ́ fi gbẹ́kẹ̀ lé e?

Ẹ̀kẹrin ni ìwọ̀n tírélà tí kò bá ní bíréèkì tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù, 750 kílò ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní òfìfo píkọ́ọ̀pù wọn 1,900 kílò, àpapọ̀ òun àti tírélà kò sì gbọ́dọ̀ ju 5,000 lọ. Èèyàn márùn-ún tó wọn 75 kílò ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 375. Ó ku 2,725 fún tírélà. Ní ti tírélà, ká ní òfìfo rẹ̀ jẹ́ 400, igba àga oníke jẹ́ 500, jẹnẹrétọ̀ àti irin kánópì jẹ́ 350. Táǹkì omi 1,000 lítà tó kún jẹ́ 1,000 kílò, nítorí lítà omi kan, kílò kan ni. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,250.

Ẹnì kan á ní, "Ó ṣì ku 475!" Àmọ́ bí ó bá jẹ́ 1,500 ni wọ́n tẹ̀ sára ìkọ́, a ti fi 750 kọjá rẹ̀. Bí tírélà kò bá sì ní bíréèkì, bí tiwa kò ṣe ní, ìlọ́po mẹ́ta ohun tó yẹ la ń fà. Nọ́ńbà tó kéré jù ni ọ̀gá fún gbogbo ìyókù.

Ẹ má gbàgbé eré sísá. Ọkọ̀ tó ń sáré 80 nílò ìlọ́po mẹ́rin agbára tí yóò dá èyí tó ń sáré 40 dúró. Bí ẹrù bá sì pọ̀ sẹ́yìn jù, tírélà á máa jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún. Kí nǹkan bíi kílò 10 sí 15 nínú 100 tẹ orí ìkọ́, kí a sì rántí pé ọkọ̀ ló ń rù ú.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ kò pọ̀. Kí a fi bíréèkì sí tírélà náà, kí a sì ra ìkọ́ tó ní nọ́ńbà. Títí di ìgbà náà, kí á kó ọgọ́rùn-ún àga péré sí i, 650 kílò nìyẹn. Kí jẹnẹrétọ̀ àti irin kánópì wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, bí nọ́ńbà èkíní bá gbà bẹ́ẹ̀. Kí á háyà àga yòókù, kí á sì ra omi níbi tí a bá ń lọ. Kí ṣéènì méjì wà lábẹ́ ìkọ́, kí wọ́n kọjá lórí ara wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sínú tírélà, ìbáà ṣe ọmọdé.

Ẹ̀yin ìyá wa, àpò ìrẹsì méjì oní-50 kílò ló kù kí a dé ẹnu ààlà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ẹ̀kẹta kún un. Owó bíréèkì á dùn wá, ṣùgbọ́n a lè dá a. Ẹni tó bá bá ọ̀nà lọ, kò sí iye owó tó lè dá a padà.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.