Ojú Lásán Kò Lè Yẹ Ọkà Wò

Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: bí májèlé bá ti wọ ilẹ̀, àgbẹ̀ nìkan kò lè yọ ọ́ kúrò nínú ọkà. Ẹni tó da májèlé sílẹ̀ ni kí òfin dì mú. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Toyama ní orílẹ̀-èdè Jàpáàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ibi ìwakùsà síńkì Kamioka, tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Mitsui, fi ń da ìdọ̀tí tó ní kádímíọ̀mù, irin olóró kan, sínú odò Jinzu, odò yìí sì ni àwọn àgbẹ̀ fi ń bomi rin oko ìrẹsì. Kò sí ohun tí ojú rí lára ìrẹsì náà, síbẹ̀ kíndìnrín àwọn tó ń jẹ ẹ́ bàjẹ́, egungun wọn rọ̀, ó sì ń ṣẹ́, pàápàá àwọn obìnrin tó ti bímọ tí ọjọ́ orí wọn ti ń lọ. Ọdún 1968 ni ìjọba tó gbà pé kádímíọ̀mù ló fa àìsàn náà, èyí tí wọ́n ń pè ní itai-itai.

Báwo ni kádímíọ̀mù ṣe dé inú hóró ìrẹsì? Ìrẹsì nílò màńgáníìsì, ọ̀nà tí gbòǹgbò rẹ̀ fi ń gba màńgáníìsì wọlé náà ni kádímíọ̀mù ń bá wọlé. Òjé, irin olóró mìíràn, kì í sábà rìn jìnnà bẹ́ẹ̀; inú gbòǹgbò ni púpọ̀ rẹ̀ ń dúró sí. Nítorí náà, bí májèlé ṣe pọ̀ tó nínú ilẹ̀ nìkan kò tó wò. Irú èyí tó jẹ́ àti bí omi oko ṣe rí wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹnìkan lè ní kí àgbẹ̀ jẹ́ kí omi bo oko, nítorí pé lábẹ́ omi, kádímíọ̀mù a máa so mọ́ imí-ọjọ́, gbòǹgbò kò sì ní rí i gbà tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi yẹn kan náà ló ń tú ásẹ́níìkì, májèlé mìíràn, sílẹ̀ fún ìrẹsì. Ẹlòmíràn á ní ká fọ̀ ọ́, ká sì sè é jinná. Ṣùgbọ́n inú hóró ni kádímíọ̀mù wà. Iná kò lè jó o dànù, omi kò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò tán. Bí a bá sì ní ọ̀rọ̀ Jàpáàn nìkan ni èyí, ẹ wo ìpínlẹ̀ Zamfara ní Nàìjíríà lọ́dún 2010: ẹ̀rọ ìlọkà ni àwọn kan fi ń lọ òkúta wúrà tó ní òjé, eruku rẹ̀ bo agboolé, ó kéré tán, 400 ọmọdé ló kú. Ọ̀nà tí májèlé gbà wọlé yàtọ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ikú ló kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀.

Òfin ló tún Toyama ṣe. Àwọn aláìsàn jàre Mitsui nílé ẹjọ́ lọ́dún 1971, wọ́n tún jàre lọ́dún 1972. Wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ bo àwọn oko náà, iṣẹ́ yẹn kò sì parí títí di ọdún 2012. Lọ́dún 2011, Jàpáàn dín kádímíọ̀mù tí òfin gbà láàyè nínú kílò ìrẹsì kan kù láti mílígíráàmù 1 sí 0.4. Mo rọ ìjọba wa: níbikíbi tí wọ́n bá ti ń wa kùsà tàbí tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì, ẹ máa yẹ ilẹ̀ àti ọkà wò lọ́dọọdún, kí ẹni tó bà á jẹ́ sì san owó àtúnṣe rẹ̀.