Oṣù Kejìlá Ti Dé, Mi Ò Dirun

  Tó bá jẹ́ inú bọ́ọ̀sì lẹ wà, ẹ yọ earpiece kúrò ní etí kan, kí kọ̀ńdọ́ má baà gbé ṣéńjì yín lọ. Èmi nìkan ni mo wà nídìí máìkì lónìí, ọ̀rọ̀ irun ló sì wà lọ́kàn mi.

Ẹ mọ̀ pé bí àgbàdo ṣe ní àsìkò, bẹ́ẹ̀ ni irun ní àsìkò l'Ékòó. Nígbà òjò, ta ló fẹ́ gbé wíìgì olówó ńlá jáde kí òjò sọ ọ́ di kànrìnkànrìn? Kòlẹ́sẹ̀ tàbí ṣùkú kékeré la máa ń dì, a ó fi sákáàfù lé e, ó parí. Àmọ́ tí oṣù kọkànlá bá ti ń lọ sópin, ọ̀rọ̀ á yí padà. Àwọn ará òkè òkun ti ń wọlé, ìnáwó wà ní gbogbo Sátidé, àwọn onídìrí ti ń gba owó àsanlẹ̀, owó oṣù kẹsàn-án kọ́ sì ni wọ́n ń gbà mọ́. Irun gígùn ni gbogbo wa ń wá: knotless tó dé ìdí, boho tí wọ́n fi irun wíwẹ́ há láàárín. Ẹ dé ọjà, nọ́ńbà lẹ máa gbọ́. 27 tó dà bí oyin, 30 tó ṣókùnkùn díẹ̀ jù ú lọ, 99J tó dà bí wáìnì, 613 fún àwọn tó fẹ́ kí wọ́n rí wọn láti òdìkejì afárá.

Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mo jókòó ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo dìde ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹni méjì ló ń dì í, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n ń fa orí mi bí ìgbà téèyàn ń fa omi nínú kànga. Mo ní, "Àǹtí, ó ń dùn mí o." Wọ́n ní, "Sísí, ẹ fara dà á. Tí ò bá le, kì í pẹ́ lórí." Mo fara dà á. Mo lo paracetamol méjì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo dojú bolẹ̀ sùn torí pé ẹ̀yìn orí mi ò ṣe é gbé lé ìrọ̀rí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn kókó kéékèèké funfun ti yọ létí irun iwájú. Gbogbo yín lẹ mọ kókó yẹn. Fíltà la fi ń pa á rẹ́ nínú fọ́tò.

Ìparí oṣù kìíní ni mo tó tú u. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi méjèèjì, ibi tí irun wà tẹ́lẹ̀ ti ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí.

Mo lọ rí dókítà awọ ara. Traction alopecia ni wọ́n pè é. Wọ́n ní irun kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tí ìdí rẹ̀ jókòó sí. Tí a bá ń fà á ṣáá, ihò yẹn á wú, irun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Tí a bá tètè jáwọ́, ó máa ń hù padà. Tí a ò bá jáwọ́, ihò náà á di àpá, irun kì í sì í hù lórí àpá. Wọ́n tún sọ pé irun máa ń gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lé díẹ̀ lóṣù, nítorí náà, kí n ní sùúrù. Mo ti ń ní sùúrù láti oṣù kejì. Apá ọ̀tún ti hù. Apá òsì hù pẹ̀lú, àmọ́ ibì kan wà níbẹ̀ tó tó àtàǹpàkò mi tí ò dáhùn rárá.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ṣègbéyàwó lóṣù yìí. Wọ́n ti fi fọ́tò sórí WhatsApp wa: boho, nọ́ńbà 30, títí dé ìdí, gbogbo àwa tí a ó tẹ̀lé ìyàwó. Èmi sì ti pinnu pé low cut ni mò ń gé.

Mọ́mì ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ta ló kú?"

Mi ò bínú sí wọn. Níbi tí wọ́n dàgbà sí, wọ́n máa ń fá irun opó. Orí obìnrin tó mọ́lẹ̀, ọ̀fọ̀ ló ń rán wọn létí. Wọ́n tún ní, "Gèlè ńkọ́? Ṣé orí òkúta lo fẹ́ wé e sí?"

Mo gbé fóònù mi, mo fi àwọn fọ́tò J.D. 'Okhai Ojeikere hàn wọ́n. Ọdún 1968 ni bàbá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin wa, ẹ̀yìn orí ni wọ́n sì sábà máa ń yà. Nígbà tí Mọ́mì dé orí èyí tó ń jẹ́ Onílé Gogoro, tí wọ́n yà ní 1975, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òwú ni wọ́n fi kó o, pé ìyá àwọn máa ń kó irun fún àwọn lálẹ́ Sátidé. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bá mi jà pé kí n lọ kó irun ni. Dípò ìyẹn, wọ́n tú sákáàfù orí wọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, irun iwájú Mọ́mì ti sá lọ sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Èmi rò pé ọjọ́ orí ni." Àwa méjèèjì ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀.

Ó dáa. Àwọ̀ ńkọ́? Torí mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí. Mo fẹ́ kun tèmi, àmọ́ ẹ gbọ́ o. Tí bílíìṣì bá kan irun dúdú wa, á kọ́kọ́ pupa, á wá dà bí ọsàn, kó tó pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ̀lẹ́ngẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ìgò peroxide: 20 jẹ́ ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, 40 jẹ́ ìdá 12. Ẹni tó bá gbé 40 sún mọ́ awọ orí yín, ẹ dìde lórí àga. Tí relaxer bá ṣì wà lórí irun, ẹ má fi bílíìṣì sí i, á já ni. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ lára aró yẹn sẹ́yìn etí, kẹ́ ẹ dúró fún wákàtí 48. Tó bá ń yún, ẹ fi sílẹ̀. Low cut tí wọ́n kùn kì í pẹ́ o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, dúdú á ti yọ nídìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gé e lọ́jọ́ mẹ́rin péré ṣáájú ìgbéyàwó. Ẹ sì ní kí onígbàjámọ̀ fi spirit nu ẹnu clipper kó tó kàn yín lórí. Ẹ má tijú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ dì í, mi ò bá yín jà. Ẹ ní kó tóbi díẹ̀, kó má gùn jù, kí wọ́n fi irun etí iwájú sílẹ̀. Tó bá ń dùn yín lórí àga, ẹ ní kí wọ́n tú u.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lánàá. Fóìsì nóòtì ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, mo fi fọ́tò apá òsì yẹn kún un. Àmì búlúù ti yọ. Wọn ò tíì fèsì. Tí wọ́n bá fèsì kí a tó pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá sọ fún yín. Ẹ fi fóìsì nóòtì tiyín náà ránṣẹ́ sí wa. Ó dàbọ̀.