Ta Ni Ó Ń San Owó Ìkọ́ṣẹ́ Ọmọ Wa?

Ọ̀rọ̀ ìlanilọ́yẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ìlú Jos

  

Mo bá ọ̀dọ́mọbìnrin kan pàdé ní ìpàdé ẹgbẹ́ kan. Ó ti kọ́ iṣẹ́ aránṣọ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Kò sí aṣọ tí ẹ gbé fún un tí kò lè gé, tí kò sì lè rán. Síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ni ó ṣì ń gbá láràárọ̀, nítorí pé kò rí owó fíríídọ̀ọ̀mù san. Páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ìrẹsì, ẹran, aṣọ ẹgbẹ́, àti owó ọ̀gá lọ́tọ̀. Baba rẹ̀ sọ fún mi pé ìjọba kò ran tálákà lọ́wọ́. Mo bi í bóyá ó ti lọ béèrè rí. Ó dákẹ́.

Ìlú tí a jókòó sí yìí gan-an ni olú ilé iṣẹ́ ITF wà, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1971 fún ètò ìkọ́ṣẹ́. Òfin sọ pé agbanisíṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ yọ náírà 1 nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù tí ó ń san lọ́dún, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí àjọ náà. Bí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tilẹ̀ tó 5, tí òwò rẹ̀ bá ti tó mílíọ̀nù 50 náírà lọ́dún, òfin náà mú un. Àwọn kan nínú yín ń san án. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lọ béèrè kò lọ tọrọ báárà.

Àjọ kejì ni NDE, tí a dá sílẹ̀ ní 1986. Nínú ètò ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ní àdúgbò ni wọ́n ń fi ọmọ sí. Ìjọba ń san owó ìkọ́ṣẹ́ fún ọ̀gá, ó sì ń fún ọmọ ní owó díẹ̀ tí yóò fi wọ ọkọ̀. Bí mo bá sọ pé kíákíá ni owó ìjọba máa ń dé, ẹ ó fi mí rẹ́rìn-ín, n kò sì ní sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í ṣe títà. Ẹni tí ó bá gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín nítorí fọ́ọ̀mù, olè ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn pé àwa kì í ṣe onílẹ̀ níbí. Abala 42 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 1999 kọ̀ kí a fi ibi tí ènìyàn ti wá dù ú ní ẹ̀tọ́. Bí wọ́n bá dá ọmọ yín padà, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ sì tọ́jú ìwé náà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀gá ọmọbìnrin yẹn kì í ṣe òṣìkà. Owó tí ó gbà níbẹ̀rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọjọ́ fíríídọ̀ọ̀mù ni ó fi ojú sí láti rí èrè ọdún mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tirẹ̀ náà ṣe san án nígbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá ń san owó ìkọ́ṣẹ́ fún ọ̀gá, tí ọ̀gá tún di ẹrù fíríídọ̀ọ̀mù lé ọmọ lórí, ó ti gba owó iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìjọba kò sì lè sanwó fún ọ̀gá tí kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá láàárín wa mọ iṣẹ́ dójú àmì, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìwé kankan. Ìdánwò Trade Test tí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe wà fún irú wọn; ipele mẹ́ta ni. Owó díẹ̀ ni ìdánwò náà ń gbà, ẹgbẹ́ sì lè ya ọ̀gá lówó láti ṣe é. Lójú tèmi, ó sàn ju kí a fi owó àpò ẹgbẹ́ ra aṣọ ọdún lọ.

Kí ọmọ tó wọ ṣọ́ọ̀bù, kí àdéhùn wà ní kíkọ: ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ ìparí, iye owó, ẹni tí ó ń san án, àti ohun tí fíríídọ̀ọ̀mù yóò gbà. Kí olóyè ẹgbẹ́ kan fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Ní ti ọmọbìnrin yẹn, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pe ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ di alẹ́. Ọ̀gá mú owó tirẹ̀ wálẹ̀, ó sì gbé ọ̀rọ̀ ìrẹsì àti aṣọ ẹgbẹ́ kúrò. Ní ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gba àdúrà fún un, tí ọ̀gá sì fa ìwé àti sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo wa.