Ìlédìí Àgbàlagbà Tí Kì Í Jò

Bí ìlédìí ìyá àgbà bá ń jò, ojú a máa tì wọ́n láti bá ẹgbẹ́ jókòó. Ẹ má tìtorí èyí ra èyí tó tóbi jù. Àlàfo itan ni ìtọ̀ ń gbà jáde. Ẹ fi téèpù wọn ìbàdí wọn àti ìdí wọn. Èyí tó bá tóbi jù nínú méjèèjì ni kí ẹ fi wo ìwọ̀n tí a kọ sára ọ̀rá rẹ̀. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́ fún wọn tán, ẹ fi ìka fa etí rẹ̀ tó ká sínú jáde, kí ó lè yí itan ká. Ti òru ni kí ó nípọn ju ti ọ̀sán lọ. Ẹ má fi omi mímu dù wọ́n o. Wọ́n ti fọ ìlédìí tiwa rí.