Àṣẹ Òfin àti Ìyọ̀ǹda Òbí

Ta ni ó ni àṣẹ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ: ìjọba ni tàbí òbí? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ti dáhùn fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2: òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ó gba gbogbo rẹ̀, ìtanràn ń bẹ fún ẹni tí ó bá kọ̀.

Síbẹ̀, ní ọdún yẹn gan-an ni Kánò dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró. Ní 1996, ilé-iṣẹ́ Pfizer ti dán oògùn tuntun wò níbẹ̀ lára àwọn ọmọ tí àrùn yírùnyírùn ń bá jà. Àwọn òbí kan ní a kò là á yé àwọn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Rọpárọsẹ̀ tún gbilẹ̀, ó sì kọjá sí orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ní oṣù kẹwàá 2023, àjẹsára tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ dé Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Wọ́n ti kọjá ọjọ́ orí tí òfin náà dárúkọ. Nítorí náà, òbí wọn ní Ìgbájọ ni nọ́ọ̀sì ní láti jókòó tì, kí ó sì dáhùn ìbéèrè wọn. Ìtanràn lè mú òbí dé ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan; àlàyé ni yóò mú un padà wá.